Géèmù Tí Kò Yọ Lójú Tẹlifíṣọ̀n Bàbá Ìbítóyè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó ń lo iná nínú ilé yín lónìí. Bí ẹni tí kò mọ̀wé bá wà nítòsí, ẹ kà á sí i létí.

1.

Ní ọdún 1984, Japhet ni gbogbo ìlú Osi ń gbé rédíò lọ bá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, irọ́ kọ́. Rédíò tó ti dákẹ́ fún ọdún méjì, bí Japhet bá tú u, á sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àléébù kan ń bẹ lára rẹ̀: ẹnu rẹ̀ kò lè sọ pé "mi ò mọ̀ ọ́n." Kò sì mọ ìwé òyìnbó kà. Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ àṣírí yẹn.

Lọ́dún náà ni wọ́n sin Bàbá Ìbítóyè. Bándélé, àkọ́bí olóògbé, ti Èkó wá, ó sì gbé ẹ̀rọ géèmù kan dání tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rà bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n bàbá rẹ̀ ní pálọ̀ kí àwọn ọmọ ilé lè fi ṣeré. Àwòrán kò yọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n kàn funfun, ó ń hó ṣàà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Japhet.

"Japhet, mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó," ni Bándélé wí. "Ẹni tí yóò máa bá mi tún un ṣe ni mò ń wá. Bí o bá mú kí eléyìí yọ kí n tó lọ láàárọ̀ ọ̀la, ìwọ ni mo mú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Uṣẹ́ kékeré ni."

Iṣẹ́ kékeré kẹ̀! Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí wọ́n ti bí Japhet, kò rí ẹ̀rọ géèmù rí.

2.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì dé, èrò kún pálọ̀. Japhet yọ wáyà, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Kò yọ. Ó fi aṣọ nu ẹnu wáyà náà. Kò yọ. Aago méjì di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́rin, òógùn bo ojú rẹ̀. Èkó tó ti fọkàn dé ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Fúnmilọ́lá rí ìwé kan nínú páálí géèmù. Ó kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá rọra sọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí.

"Bàbá Susanna, ìwé yìí ní súìṣì kékeré kan wà lára àpótí tó wà lẹ́nu wáyà. Ojú tẹlifíṣọ̀n ló wà báyìí. Ẹ jẹ́ ká yí i sí ojú géèmù, ká wá yí tẹlifíṣọ̀n sí nọ́ńbà mẹ́ta."

Ẹnìkan gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Japhet, o ti gba ọ̀gá tuntun!"

Ojú ti Japhet, ìtìjú náà sì yí padà di ìbínú. "Ìgbà wo lo kọ́ uṣẹ́ yìí? Lọ jókòó! Inú tẹlifíṣọ̀n ló bàjẹ́. N óò tú u."

"Ṣebí a wo ìròyìn nínú rẹ̀ lánàá?"

Japhet ti ń tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Sukudiráfà ló ń wá.

3.

Bó ṣe mú sukudiráfà ni iná lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí iná bá lọ, a kì í pa nǹkan kan. A fẹ́ kí gílóòbù tàn kí a lè tètè mọ̀ pé ó ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni Japhet ṣe fi wáyà tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ lára ògiri, tó sì tú ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́ lára ògiri ná," ni Fúnmilọ́lá bẹ̀ ẹ́.

"Kò sí uná, kò séwu. Ṣé o fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n fi mí sílẹ̀ lọ ni?"

Fúnmilọ́lá dìde láti lọ yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Japhet jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo ayé, obìnrin náà sì padà jókòó. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri, ó tún ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń wọlé lọ sínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ń gbàdúrà pé kí iná má dé. Ẹ gbọ́ irú àdúrà yẹn!

Ìgbà náà ni àwọn ọmọdé pariwo níta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Uná dé o! Uná dé!"

Gbogbo àdúgbò ń yọ̀. Ní pálọ̀, ẹnu Japhet là sílẹ̀, ohùn kò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Bándélé fẹ́ dì í mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Fúnmilọ́lá ti sáré gbé ọmọ odó láti ẹ̀yìnkùlé. Ó fi gbá wáyà náà kúrò lára ògiri. Japhet ṣubú lulẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ṣubú tẹ̀lé e.

4.

Kò kú. Àmọ́ nílé ìwòsàn, wọ́n gé àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ìka méjì tó tẹ̀lé e. Ẹlòmíì ni Bándélé mú lọ sí Èkó. Àwọn rédíò tí wọ́n gbé fún Japhet ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, eruku ti bò wọ́n.

Nígbà ọdún Àjíǹde, Bándélé gbé tẹlifíṣọ̀n mìíràn wá fún ìyá rẹ̀. Fúnmilọ́lá ní kí wọ́n mú ìwé géèmù yẹn wá. Ó fi ìka kan ti súìṣì kékeré náà, ó yí tẹlifíṣọ̀n sí nọ́ńbà mẹ́ta. Àwòrán yọ! Àwọn ọmọ ń fò sókè.

Japhet dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Bàbá Susanna."

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí, ó wá kì í bọ àpò.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé ibí, mo bẹ̀ yín. Bí iná bá lọ, ẹ yọ wáyà lára ògiri kí ẹ tó tú nǹkan kan. Iná kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ohun tí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, kódà bó jẹ́ aya yín ló mọ̀ ọ́n. Ìtìjú á tán lára, ṣùgbọ́n ìka tó gé kì í hù mọ́. Ẹ fi ìtàn yìí lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Abèèrè kì í ṣìnà.