Akẹtẹ̀ Dion Lórí Òrùlé

Àrùn tó ń ṣe Tamsin Doyle ni pé kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni borí òun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ kíláàsì kẹfà tó mọ bọ́ọ̀lù àtẹ́lẹwọ́ gbá tó o. Ṣùgbọ́n kò tó o pé kó mọ̀ ọ́n gbá. Ó fẹ́ kí àwọn yòókù má ráyè gbá a rárá ni.

Ní ìlú wa yìí, láàárín oko ìrèké ní Queensland, oòrùn kì í ṣe ohun tí à ń bá ṣeré. Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi ìpara oòrùn pa ojú, etí àti ọrùn, kí wọ́n sì dé akẹtẹ̀ ilé ìwé kí wọ́n tó jáde. Òfin náà wà lára ògiri gàdàgbà: kò sí akẹtẹ̀, kò sí eré. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá ṣófo, orí bẹ́ǹṣì abẹ́ ibòji ni yóò jókòó sí títí agogo yóò fi lù, tí yóò máa wo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òfin rere yìí ni Tamsin sọ di ohun ìjà. Ilé mẹ́rin ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀ fún eré náà, èyí tó ga jù sì ni ilé Ọba. Ọmọ tó bá ti fẹ́ lé Tamsin kúrò níbẹ̀, akẹtẹ̀ rẹ̀ á di àwátì. Ó ju ọ̀kan sẹ́yìn àpótí ìwé, ó ki òmíràn bọ inú agolo ìdọ̀tí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi jọba, bẹ́ǹṣì sì ń kún. Míìsì Lawlor, olùkọ́ wọn, rò pé àwọn ọmọ náà kàn ya aláìbìkítà ni.

"O tún ti sọ ọ́ nù?" ni Tamsin máa ń bi wọ́n. "Lọ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́rí, jàre."

Bẹ́ẹ̀ ni Dion Vella dé, ọmọ tuntun kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ àgbà ti fi òwú yẹ́lò rán orúkọ rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ sórí akẹtẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá sì ń bọ̀. Ẹni tó bá wà ní ilé Ọba nígbà tí agogo ọ̀sán ọjọ́ náà bá lù, ara táńkì omi ilé ìwé ni wọn yóò kun orúkọ rẹ̀ sí. Orúkọ ìyá Tamsin wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ìyá náà wà lọ́mọdé. Ojoojúmọ́ ni Tamsin ń wo àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Dion ṣí akẹtẹ̀ kó lè bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi. Kó tó gbójú sókè, akẹtẹ̀ ti lọ. Tamsin fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé Ọba, nítorí àṣà wọn ni pé ilé tí akẹtẹ̀ ọmọ bá wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á. Ìkánjú kò tilẹ̀ jẹ́ kó fi ìpara pa ọrùn. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Pascoe, tí ń tún ọgbà ṣe, fi àkàbà tì sí nígbà tó ń kó ewé kúrò lójú òrùlé. Ó gùn ún, ó rọra rìn dé ẹ̀gbẹ́ kejì òrùlé láti fi akẹtẹ̀ náà pamọ́. Nígbà tó padà, Ọ̀gbẹ́ni Pascoe ti gbé àkàbà rẹ̀ lé èjìká, ó ń súfèé lọ.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Tamsin wo ilẹ̀. Kọnkéré ni, ó sì jìn. Ó fọwọ́ kan páànù, ó yára fà á kúrò. Oòrùn wà ní àtàrí gan-an, kò sì sí ibòji tó tó ọwọ́ lókè níbẹ̀. Bó bá pariwo, wọn yóò gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò bi í pé kí ló gbé e débẹ̀. Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín, ó sì lóṣòó, ó dákẹ́.

Ó ń gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀. "Tamsin dà?"

"Akẹtẹ̀ ẹ̀ rèé. Ó ń bọ̀."

Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà á gidi. Kò lè jókòó, kò lè sọ̀ kalẹ̀, kò lè pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ó padà lọ fa akẹtẹ̀ Dion jáde níbi tó fi í pamọ́ sí, ó dé e.

Dion sì rèé lórí bẹ́ǹṣì, kò rí nǹkan ṣe ju kó máa wòkè.

"Míìsì, akẹtẹ̀ mi nìyẹn."

"Níbo?"

"Lórí òrùlé. Ó ń mira."

Wọ́n gbé àkàbà padà. Nígbà tí ẹsẹ̀ Tamsin kanlẹ̀, Míìsì Lawlor bi í pé, "Kí lo lọ ṣe lókè yẹn?" Orúkọ Dion wà lórí rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀. Dion gba akẹtẹ̀ rẹ̀, ó wo etí Tamsin tó ti pọ́n. "Ẹ fún un lómi, Míìsì," ló sọ, ó sì sáré lọ síbi eré, níbi tí wọ́n ti mú akẹtẹ̀ Tamsin kúrò nínú ilé Ọba.

Fèrèsé yàrá aláìsàn kọjú sí pápá. Aṣọ tútù wà lọ́rùn Tamsin nígbà tó gbọ́ agogo, tó sì gbọ́ tí gbogbo wọn ń pe orúkọ Dion. Ọrùn rẹ̀ léròrò. Ó ka orúkọ ọmọ méje tí òun ti fi akẹtẹ̀ wọn pamọ́ fún Míìsì Lawlor, ó sì bẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Dókítà ní oòrùn kò gbọdọ̀ kàn án títí ilé ìwé yóò fi gba ìsinmi òpin ọdún. Bó ṣe di ará bẹ́ǹṣì nìyẹn.

Ọmọ kíláàsì kìíní kan tó gbàgbé akẹtẹ̀ sílé jókòó tì í. Ó wò ó sókè sódò. "Ìwọ lo dé akẹtẹ̀ ní tìẹ. Kí ló dé tó ò ṣeré?"

Tamsin fa akẹtẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ bo etí.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ fi ìpara pa ara, ẹ dé akẹtẹ̀ yín, ẹ wá ibòji lọ́sàn-án, nítorí oòrùn kì í bèèrè ẹni tó jẹ́ ọba. Ohun tí wọ́n sì fi ń dáàbò bo ọmọ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe mú un kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.