Ta Ló Ń Lù Gbì-Gbì?

"Ẹ dúró! Kò dún bíi ti àtijọ́!"

Ìgbà kẹsàn-án rèé tí ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ yóò dá àwọn olórin náà dúró. Atagìtá àgbà ń rìn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀.

"Bàbá, gbì-gbì inú àwo tí ẹ ṣe nínú yàrá yín là ń wá. Òun ló mú kí ọ̀dọ́ Chicago tún máa wá orin bulúùsì onígìtá iná kiri. Bí a ò bá rí i lónìí, wọ́n á wọ́gi lé àwo tuntun yìí. Ta ló lù ú?"

Atagìtá gbé fóònù. "Mísìs Tolliver, ẹ dákun, ẹ máa bọ̀. Ẹ mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn yẹn dání."

Ìyá arúgbó náà wọlé, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń fi igi ìgbálẹ̀ yìí lu àjà lábẹ́ yàrá yín pé kí ẹ dákẹ́ ariwo. Ẹ ò tíì gbọ́?"