Àgbàdo Kan Láàárín Ẹ̀wà

Lọ́dún 1986, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin márùn-ún máa ń pàdé nílé Laurent lórí òkè ní Atakpamé, nílẹ̀ Tógò. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń wò, èyí táwọn òyìnbó onírun gígùn ti fi gìtá kọ nígbà táwọn ọkùnrin márààrún yìí ṣì wà lọ́mọdé. Laurent, akọ̀wé ní ọ́fíìsì, ló ní tẹlifíṣọ̀n àti fídíò. Jules ń wá láti Nangbéto, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìdènà omi. Antoine ń ta aṣọ lọ́jà. Émile ń wa tákísí. Fágbénró, àgbẹ̀, ń wá láti Datcha, kò sì síná mànàmáná nílé rẹ̀.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá. Bí kásẹ́ẹ̀tì kan bá parí, àwọn mẹ́rin yòókù á mú hóró àgbàdo kan àti hóró ẹ̀wà kan sọ́wọ́. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo agbè, wọ́n á ju ọ̀kan síbẹ̀, èyí tó kù á wọ àpò wọn. Àgbàdo ni ó dára. Ẹ̀wà ni kò dára. Olóhun kì í dìbò fún tirẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí ò bá sì rí àgbàdo kankan ò gbọdọ̀ wọ inú fídíò Laurent mọ́ láéláé.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni Fágbénró ní. Ó ti dáná fún òyìnbó kan rí ní Lomé. Òyìnbó náà ló fún un nígbà tó ń padà sí ìlú òyìnbó. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹsàn-án, àgbàlá òyìnbó náà á yọ lójijì, obìnrin kan tó fi ìborùn gbàjá á sì máa jó níwájú ilé ìdáná. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Àpọ̀kẹ́ ni, ìyàwó Fágbénró. Ó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀.

Torí náà, kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni Fágbénró ń mú wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ará oko ti gbé ìrẹsì àná dé," Émile á wí.

"Ìrẹsì àná ò rùn tó ẹnu rẹ."

Tó bá kan orin kẹrin, á sú Jules. "Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Laurent, yọ ọ́, ká dìbò."

Laurent á nawọ́.

"Má fọwọ́ kàn án," Émile á wí. "Jẹ́ kó parí. Mi ò fẹ́ kí ará oko wá sọ pé a rẹ́ òun jẹ."

Bó bá parí, agbè á lọ káàkiri. Laurent á dà á sórí tábìlì. Ẹ̀wà mẹ́ta, àgbàdo kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wà mẹ́ta, àgbàdo kan.

Antoine á gbá Fágbénró léjìká. "O rí i? O ò dá wà, ọ̀rẹ́ mi."

Fágbénró máa ń ru iṣu méjì wá fún Antoine láti oko. Antoine kì í bi í pé kí ló fà á.

Lóṣù Kẹjọ, ibà dá Émile dùbúlẹ̀. Ó da aṣọ bora wá, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Orí ẹní ló yẹ kó o wà," Laurent wí.

"Kí ará oko lè máa yọ̀ pé mi ò sí ńbẹ̀?"

Ó jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì Fágbénró, ó bú u, ó ju hóró tirẹ̀ sínú agbè, ó padà lọ sùn.

Nígbà ọyẹ́, lọ́jọ́ Àìkú kan, Àpọ̀kẹ́ ń jó nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí Émile sọ̀rọ̀.

"Obìnrin yìí ò mọ ijó jó. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó délẹ̀."

Fágbénró dìde. "Òkú lò ń bú."

"Ijó rẹ̀ ni mò ń sọ. Mo ti wò ó títí."

"Èmi àti ìwọ ò ní jókòó nínú ilé yìí pọ̀ mọ́." Ó yíjú sáwọn tó kù. "Ẹ gbé agbè wá. Ẹ dìbò fún Émile bí ẹ ṣe ń dìbò fún kásẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n dìbò. Laurent da agbè. Ẹ̀wà mẹ́rin. Jules rẹ́rìn-ín. Émile mú kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó wọ bàtà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Fágbénró. Mú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kò kàn ọ́."

"Àbí kó o má wá rárá."

"Máa lọ."

Wọ́n gbọ́ bí tákísí rẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, iṣu mẹ́ta ni Fágbénró rù wá fún Antoine, ó sì ṣa àwọn tó tóbi. Ó wọ ẹ̀wù tuntun. Kò sẹ́ni tó pè é lárá oko. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò, ó jókòó síbi tí Émile máa ń jókòó sí.

Lórí orin kẹrin, Jules ní kí Laurent yọ ọ́. Laurent nawọ́, ó dúró díẹ̀, ó wo ojú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó pa fídíò.

"Kò burú," Fágbénró wí. "Màá rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Antoine fi ẹsẹ̀ ti iṣu sábẹ́ àga rẹ̀, ó gba agbè, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó gbé e fún Jules, Jules gbé e fún Laurent.

Laurent dà á sórí tábìlì: ẹ̀wà mẹ́ta.