Òòlù Igi Adéjàre

Lọ́dún 1991, ọkọ̀ tí Adéjàre káfíńtà fi kó pákó bọ̀ láti Òkukù dojú dé kó tó wọ Inísà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín.

Mojíbọ́lá, aya rẹ̀, kò sunkún. Ó kàn jókòó bí ère. Tímótì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, pè é sẹ́yìn ilé.

"Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá wọn jà yìí, bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n lọ nìyẹn."

Màmá Àtọ́kẹ́ ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn dá ṣáká. Tímótì sọ fún wọn pé wòlíì ní kí Adéjàre má sọ̀rọ̀, kó má sì wọ yàrá ìyá rẹ̀, títí di ìkórè ìjọ.

"Kí Olúwa gbà á," ni Màmá wí. Wọn ò bi í ní nǹkan kan.

Láti ọjọ́ kejì, ní kùtùkùtù, Mojíbọ́lá á wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé, á mú òòlù igi ọkọ rẹ̀, á máa fi lu irin tí wọ́n fi ń dá ihò sára pákó. Gbó, gbó, gbó.

Lọ́jọ́ tó bá pẹ́ lórí ẹní, ohùn Màmá á dé: "Ìyàwó mi, mi ò tíì gbọ́ òòlù Adéjàre o. Dìde, lọ wò ó."

Á dìde.

Lọ́sàn-án, wọ́n á ní, "Gbé oúnjẹ lọ fún un. Kẹ́ ẹ jọ jẹ ẹ́ o."

Á gbé ẹ̀bà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á jẹ ẹ́ láìmọ adùn rẹ̀.

Nígbà tí pákó tó ń lù di ẹ̀rúnrún, ó fa àpótí ìjókòó tí Adéjàre kò parí yọ, ó dá ihò sí i, ó ki igi ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó tún kan òmíràn. Màmá fọwọ́ pa ìkẹta wò.

"Èyí ò mì bíi ti àkọ́kọ́," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ yìí ti ń mọ́ Adéjàre lọ́wọ́."

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, Màmá sùn, wọn ò jí.

"Ọpẹ́ ni pé wọn ò gbọ́," Tímótì wí níbi ìsìnkú. Mojíbọ́lá mi orí.

Lẹ́yìn ìsìn, Ọmọ́dára, ìyá ìjọ tó máa ń wá gbàdúrà fún Màmá, fa Mojíbọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Adéjàre ni Màmá ti mọ̀, àwọn ni wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ, pé bí o ò bá rí ẹni tí wàá máa tàn jẹ láàárọ̀, o ò ní dìde lórí ẹní mọ́."