Àgbò Tí Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀ Dí Ẹ̀yìn Mọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ọmọ ọmọ mi, inú mi dùn pé ẹ pọ̀ tó láti gberin. Àlọ́ mi gbéra, ó balẹ̀ sórí Àgbò abúlé àwọn ẹran.

Àgbò abúlé kejì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ bá a jà. Ẹni tó bá borí, ará abúlé rẹ̀ ni yóò máa jẹ koríko etí odò. Ewúrẹ́ tó jẹ́ ojo ò róorun sùn mọ́.

"Pẹ́pẹ́yẹ ọmọ mi, ṣé o rí ọrùn ọ̀tá wa? Bí tiwa bá sá ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Pẹ́pẹ́yẹ aláriwo wí. "Gbogbo wa la ó dúró pitimu lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní rọ́nà sá."

Nígbà tí ìjà dé, Àgbò fẹ́ tàdí mẹ́yìn kó lè fi agbára sáré wá kàn, bí gbogbo àgbò ti ń ṣe. Ewúrẹ́ ní ó ti ń sá. Ni wọ́n bá ń tì í síwájú, wọ́n ń kọrin:

Àgbò wa, má rẹ̀yìn o,
*Jàńjálá.*
Iwájú lakọ ń kọjú sí,
*Jàńjálá.*

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè," ni Àgbò ń wí, ṣùgbọ́n orin ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Àgbò kejì ti tàdí jìnnà, ó ti ń sáré bọ̀. Ó kàn án gbì, agbárí rẹ̀ fọ́. Àwọn ará abúlé kejì gba orí òkú rẹ̀ kọjá lọ sídìí koríko.

Pẹ́pẹ́yẹ nu ẹ̀jẹ̀ lójú. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ rí i pé kò sá?"

Ibi tí mo bá a dé rèé. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.