Kótán Tó Fa Òpó Odò Tu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìlà méjì kẹ́ ẹ tó fi ìtàn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ fara balẹ̀ lónìí. Ẹ ka èyí títí dé ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti dùn mí jù.

1.

Apẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní Kótán. Ẹ ò ní béèrè ìdí. Bí àwọ̀n rẹ̀ bá wọ omi, àtọmọdé àtàgbà ẹja ló ń bá a wálé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú odò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mòòkùn lábẹ́ omi pẹ̀lú gíláàsì lójú, kó ka ẹja, kó sì kọ iye wọn sórí pátákó yẹ́lò kan.

Odindi ọdún mẹ́ta ló fi kà wọ́n. Ó wá rí i pé inú ibú kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ńlá, ni ẹja odò náà ń lọ yé ẹyin sí. Ẹja kékeré onírù pupa kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọn kò rí nínú odò mìíràn rí. Bí ibú yẹn bá bàjẹ́, odò ti yàgàn nìyẹn. Ni ọ́fíìsì bá ri òpó mẹ́rin yí i ká, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja láàárín wọn. Gbogbo apẹja ló sì mọ òfin kejì: tí aṣọ pupa bá wà lára òpó, èèyàn wà lábẹ́ omi, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn.

2.

Inú ibú yẹn ni bàbá Kótán ti pẹja títí tó fi kú. Àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní èbúté. "Àbúrò tó gbé pọ̀n ló wá ń lé e lódò bàbá ẹ̀!" Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ó gba ilé lọ, ó bá àbúrò rẹ̀ àti ìyá wọn ní ilé ìdáná.

"Lọ fa àwọn òpó yẹn tu."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Látìgbà tá a ti rì wọ́n, ṣé ẹja ò ti pọ̀ sí i nínú àwọ̀n yín nísàlẹ̀ odò? Inú ibú yẹn ni wọ́n ti ń wá."

"Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, kí ló dé tí mi ò lè lọ bá wọn nílé?"

"Ẹ ò lè pa ìyá, kẹ́ ẹ tún máa retí ọmọ."

Ìgbájú ló fi dá a lóhùn. Ọmọbìnrin náà ṣubú lu ìdí ààrò, ẹ̀jẹ̀ bo imú rẹ̀. Ìyá wọn bọ́ sáàárín. "Ẹ má pa mí o! Ọmọ méjì péré ni mo bí!"

Kótán ti ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jáde.

3.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó tukọ̀ lọ síbi ibú. Bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ odò ní kó padà. Kótán fi àjẹ̀ ọkọ̀ gbá a lẹ́nu, ó tún un gbá, títí párì ọkùnrin náà fi já, tí eyín rẹ̀ sì fọ́n sílẹ̀. Àánú bàbá yẹn ń ṣe mí dòní. Kò lè pariwo, ó ń rákò lọ nínú ẹrẹ̀.

Kótán fa òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu. Ó lọ rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní apá ìsàlẹ̀ odò, lẹ́yìn ibi tí omi ti yà, kó lè sọ fún ẹni tó bá mú un pé, "Ẹ wo òpó yín lọ́hùn-ún, mi ò wọ àárín wọn." Ọgbọ́n àgbọ́njù! Ó wá gba ilé lọ gbé ìgò méjì tó rọ ẹ̀tù sí, irú èyí tí wọ́n ń jù sódò tó fi ń bú gbàmù.

4.

Kó tó padà dé, àbúrò rẹ̀ ti tukọ̀ wá láti ìsàlẹ̀ odò, tòun ti imú wíwú. Bó ṣe kan òpó, ó so ọkọ̀ mọ́ ọn, ó so aṣọ pupa, bí òfin ṣe wí. Ìgbà náà ló wòye pé kò sí àpáta níbẹ̀. Ẹnì kan ti gbé òpó kúrò! Ẹ̀rù bà á nítorí ẹyin ẹja. Ó mòòkùn, ó gba abẹ́ omi lọ sókè odò síbi ibú, láti wò ó bóyá wọ́n ṣì wà.

Kótán dúró lórí àpáta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ọkọ̀, kò rí aṣọ pupa. Báwo ni yóò ṣe rí i? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló fa òpó tu lọ sẹ́yìn ibi tí omi ti yà!

Ó ju ìgò kìíní. Odò bú, omi fò sókè, ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ikùn wọn kọjú sókè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tanná sí ìgò kejì.

Pátákó yẹ́lò kan léfòó láàárín àwọn ẹja náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ léfòó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní etí rẹ̀ méjèèjì.

"Àbúrò mi! Dìde! Bọ̀ọ̀dá ẹ nìyí!"

Ó gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò kejì bú. Ó gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgúnpá, ó run ìka òsì, ó sì fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì.

5.

Wọ́n sin ọmọbìnrin náà. Àwọn ará ọ́fíìsì mòòkùn nínú ibú ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ́yìn náà, wọn kò rí onírù pupa kan ṣoṣo. Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ní èbúté ti ká àwọ̀n wọn kọ́, kò sí ẹja tí wọ́n fẹ́ fi í pa mọ́.

Ìyá wọn ló ń fún Kótán lóúnjẹ. Lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń jókòó tì í pẹ̀lú ṣíbí.

"Màámá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ ṣépè fún mi."

"Yanu."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń bá a sọ nìyẹn láti ọdún méjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí wọ́n bá sàmì sí nínú odò yín pé ẹ má pẹja, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ yín ni wọ́n ń fi oúnjẹ pa mọ́ fún. Ẹ má ju ẹ̀tù sódò, ẹ má da májèlé sí i, ẹ má sì jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ sọ yín di apànìyàn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo apẹja tẹ́ ẹ mọ̀. Tá a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bà.