Aláṣọ-Kan

Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni Ìbíyẹmí Akínlẹ́yẹ kọ sí ìwé ìròyìn kan tó máa ń jáde ní Sátidé, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 1990. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Kànga ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà ní Ẹgbẹ́dá sún mọ́ ṣáláńgá jù. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ méjìlá péré. Ọmọ mẹ́ta ni onígbáméjì ti pa ní sáà kan ṣoṣo. Wọn kò tẹ ọ̀kankan nínú lẹ́tà náà jáde.

Táyéwò, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wà lára àwọn mẹ́ta náà. Wàsílátù, ìyá ọmọ náà tó ń ta kẹrosíìnì ní ìdíkọ̀, ló wá bá a nílé lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

"Tíṣà, wọ́n ní ìbò kánsẹ́lọ̀ ń bọ̀," ló wí. "Ẹ jáde. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀."

Òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè díje, nítorí náà Ìbíyẹmí kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú ẹlẹ́ṣin fà á kalẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹ fa Ìyáàfin Matilda Ṣóbọ̀wálé kalẹ̀, ìyàwó kọngilá kan tó kọ́lé sí ojú títì. Léèsì ọ̀tọ̀ ni Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé ń wọ̀ ní ìjáde kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìwé ìròyìn Sátidé gbé fọ́tò rẹ̀ jáde nínú oṣù kẹsàn-án. Festus, akọ̀ròyìn wọn, kọ ọ́ pé gèlè rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìwé ìròyìn nìkan ló ń kà kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ń bá a du ipò náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹwàá ni Wàsílátù gbé ìwé ìròyìn wá sílé Ìbíyẹmí, ojú rẹ̀ le. Wọ́n ti dá abala tuntun sílẹ̀ nínú rẹ̀, "Ta Ló Múra?" ni wọ́n pè é. Sisí Ojúlarí lorúkọ tí wọ́n kọ sí i. Kò sẹ́ni tó mọ Sisí Ojúlarí lójú. Wàsílátù dúró, ó kà á síta.

"Àdìrẹ kan ṣoṣo ni obìnrin ẹlẹ́ṣin Ẹgbẹ́dá ní láyé. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí Ìkọ̀tún ní Mọ́ńdè, ó wọ̀ ọ́ lọ sí Igándò ní Ọjọ́bọ̀. Òwú dúdú ló fi rán abíyá rẹ̀ tó ya. Òun náà ló wọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ilé ìwé, tó wà ní ìṣísẹ̀ méjìlá sí ṣáláńgá, tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́ta tó kú. Ẹni tó fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ṣé kò lè wá aṣọ gidi ni?"

Wàsílátù ká ìwé ìròyìn náà. "Ta ló tiẹ̀ sún mọ́ yín tó fi rí abíyá yín? Ọlọ́run á mú un."

"Ṣé wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ náà?" ni Ìbíyẹmí bi í.

"Wọn ò dárúkọ ẹnì kankan."

Ìbíyẹmí gba ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà náà títí dé òpin. "Wọ́n yọ orúkọ wọn ṣá," ló wí.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí Sisí Ojúlarí kò bú u. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbi ìpàdé rẹ̀ láti wo àdìrẹ náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, àwọn kan á dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga. Festus náà wá, pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn.

"Mà, kí ló dé tó fi jẹ́ aṣọ kan náà?"

"Ọmọ mẹ́ta ló kú. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́, mà. Níbo lẹ ti ra àdìrẹ náà?"

"Kànga náà rèé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀."

Festus gbé kámẹ́rà sójú. "Ẹ sún síwájú díẹ̀, mà. Kànga ń bo ìsàlẹ̀ ìró yín."

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Wàsílátù àti àwọn ìyá ọlọ́mọ dáwó ra léèsì fún un. Ó dúpẹ́, kò gbà á. Wàsílátù ní kí àwọn kúkú lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà, kí wọ́n fa Sisí Ojúlarí jáde.

"Ìyá Ìbejì, ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni Ìbíyẹmí wí. "Tẹ́ ẹ bá lé e lọ, ta ló kù tó ń dárúkọ kànga yẹn?"

Wàsílátù sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìbíyẹmí dì í mú.

Lọ́jọ́ ìbò, tí wọ́n ní kí kálukú tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó bá fẹ́, èèyàn mọ́kàndínlógún ni ìlà Ìbíyẹmí fi ju ti Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé lọ. ALÁṢỌ-KAN WỌLÉ ni ìwé ìròyìn kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Wọn kò dárúkọ kànga.

Ọmọ kẹrin kú kí wọ́n tó búra fún un. Ìbíyẹmí kọ lẹ́tà kẹwàá sí ìwé ìròyìn, ó kọ orúkọ oyè rẹ̀ tuntun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Festus fúnra rẹ̀ ló dá a padà.

"Mà, olóòtú ní kò sí àyè," ló wí. "Ó ní kí n bi yín léèrè irú aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ síbi ìbúra."

Nígbà tí Festus lọ tán, Ìbíyẹmí ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fa ìwé mìíràn yọ, ó kọ "Láti ọwọ́ Sisí Ojúlarí" sókè rẹ̀ bó ti ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kẹwàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú aṣọ ara rẹ̀.